Níbo gan-an ni ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù wà lára nẹ́ẹ̀fù? Ẹ gbà mí o

Ọmọ Físíọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, físíọ̀, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ló sì fẹ́ gbé mi ṣánlẹ̀ báyìí. Nínú ìdánwò kékeré tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi wá pé níbo ni ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù wà lára nẹ́ẹ̀fù. Mo kọ ọ́ pé ó wà káàkiri ara axon, okùn gígùn tí nẹ́ẹ̀fù fi ń ránṣẹ́. Máàkì méjì nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Olùkọ́ wa fi báírò pupa kọ "ronú!" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tó jókòó tì mí ní ìbẹ̀rẹ̀ axon ló wà, ẹnìkejì ní node of Ranvier ni, ìyẹn àwọn àlàfo tó wà lára myelin, ọ̀rá tó bo axon, ẹlòmíràn tún ní ó wà níbi tí nẹ́ẹ̀fù ti pàdé ẹran ara. Gbogbo wọn ló ní ìwé lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìdánwò gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá kó yé mi. Bí mo bá ń ka ti ìwé, ojú mi ló ń kà á, kò wọnú orí.

Káyọ̀dé Aláwàdà
Máàkì méjì kẹ̀? Dúpẹ́ pé kì í ṣe òdo. Èmi ò mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n mo ti fa àga, mo ti jókòó.

Àgbà Olùkọ́
Ọmọ mi, kò sí òpùrọ́ láàárín ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá sọ pé ọlọ́pàá wà káàkiri Nàìjíríà kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ ń wá ibi tí tẹ́ṣàn wà. Ohun tí olùkọ́ rẹ ń bèèrè nìyẹn: ibo ló pọ̀ sí, ibo ló ti ṣọ̀wọ́n, kí ló sì fà á.

Mo ń sọ "nẹ́ẹ̀fù" nítorí pé ẹrù ti pọ̀ jù lórí "iṣan" nínú èdè wa. Ti ẹ̀jẹ̀ ni iṣan, ti ẹran apá ni iṣan, ti ìmọ̀lára náà ni iṣan. Bí a bá lò ó níbí, a ó ti ṣìnà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹnu-ọ̀nà tí à ń sọ yìí, ihò kékeré lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni, tí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, ń gbà wọlé; iná ló ń ṣí i. Ìta sẹ́ẹ̀lì ni sódíọ̀mù pọ̀ sí, bíi 145 millimole nínú lítà kan. Inú kò ju bíi 12 lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, inú rẹ̀ fi nǹkan bíi 70 millivolt rẹlẹ̀ ju ìta lọ. Bí ohun kan bá wá ti iná yẹn gòkè dé àyíká −55, ẹnu-ọ̀nà á ṣí gbayawu, sódíọ̀mù á ya wọlé bí ọ̀pọ̀ èrò tó rí ilẹ̀kùn ọjà. Kò ní tó ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí èdídí kan tó ti inú wá dí i pa. Hodgkin àti Huxley ló fi ìṣirò yanjú rẹ̀ lára axon ńlá ti squid, ẹran inú òkun kan báyìí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963 pẹ̀lú Eccles.

Ó yá, tẹ̀ lé mi láti orí dé ìrù. Lára dendrite, ìyẹn àwọn ẹ̀ka kéékèèké sẹ́ẹ̀lì, àti lára sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ẹnu-ọ̀nà yìí wà, àmọ́ kò pọ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti gba ìròyìn wọlé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń pariwo sí i lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn kan ń wí pé "sọ̀rọ̀", àwọn kan ń wí pé "dákẹ́". Ìbẹ̀rẹ̀ axon ni gbogbo ariwo yẹn ti ń di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ẹnu-ọ̀nà ti kóra jọ pìtìmù. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ ankyrin-G ló so wọ́n mọ́bẹ̀, bí èèkàn ṣe ń so ewúrẹ́. Yọ èèkàn náà, wọn á túká.

Kí n tó gbàgbé: ìwé àtijọ́ máa ń sọ pé axon hillock ni. Hillock ni gegele tí axon ti ń yọ jáde lára sẹ́ẹ̀lì. Ibi tó pọ̀ sí gan-an wà ní iwájú gegele náà díẹ̀, wọ́n ń pè é ní axon initial segment. Kọ méjèèjì sínú ìwé ìdánwò rẹ, kí o sì sọ èwo ló pọ̀ jù. Olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oníná Àdúgbò
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Iná títún ṣe ni iṣẹ́ mi, n kò ka físíọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí jọ ohun tí mo mọ̀. Bí tiransífọ́mà bá wà ní ìkóríta, ilé tó sún mọ́ ọn á rí iná tó mọ́ kedere. Títí tí a ó fi dé ilé ogún, gílóòbù á máa pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Bí waya bá tún wà ní ìhòòhò tó ń kan ewé igi, ó ń jò lọ́nà nìyẹn. Ohun méjì là ń ṣe sí i: a ó fi rọ́bà bo waya dáadáa, a ó sì gbé tiransífọ́mà mìíràn sọ́nà kí iná tó rẹ̀ tán. Ṣé rọ́bà wá ni myelin tí wọ́n ń sọ, tí node yẹn jẹ́ tiransífọ́mà?

Àgbà Olùkọ́
Oníná, o gbà á. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa yà lọ́dọ̀ rẹ. Tiransífọ́mà kì í dá iná ṣe, èyí tí wọ́n fún un ló ń pín. Node ń dá tirẹ̀ ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ni, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba iná tó bá rọra ti ọ̀dọ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀ dé ló ń tan án. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn tó kúrò ní ẹ̀yìn rẹ fi ń dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ láì rẹ̀.

Ranvier, ará Faransé, ló rí àwọn àlàfo náà lára myelin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò mọ iṣẹ́ wọn. Tasaki ará Japan ló fi hàn ní 1939 pé ìròyìn ń fò láti àlàfo kan dé òmíràn ni. Àlàfo ọ̀hún kò gùn ju micrometre kan sí méjì lọ, ìyẹn ìdá kan sí méjì nínú ẹgbẹ̀rún millimetre. Ibi tí myelin bò láàárín àlàfo méjì lè tó millimetre kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lábẹ́ rẹ̀. Kí ni yóò máa ṣe níbẹ̀? A kì í gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ rọ́bà.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù
Ẹ jẹ́ kí n fi iye ẹnu-ọ̀nà sí i, nítorí olùkọ́ míì fẹ́ràn iye. Èyí tí ìwé físíọ̀ sábà máa ń tẹ̀ fún nẹ́ẹ̀fù ẹran afọ́mọlọ́mú tó ní myelin nìyí, lórí micrometre onígun mẹ́rin kan: ara sẹ́ẹ̀lì, 50 sí 75. Ìbẹ̀rẹ̀ axon, 350 sí 500. Abẹ́ myelin, kò tó 25. Node of Ranvier, 2,000 sí 12,000. Ìparí axon, 20 sí 75. Èyí tí kò ní myelin rárá ní nǹkan bíi 110 jákèjádò ara rẹ̀.

Àwọn tó fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n ọ́n rí iye tó kéré ju èyí lọ ní node, bíi ẹgbẹ̀rún kan sí méjì, nítorí náà má bá ẹnikẹ́ni jà nítorí 12,000. Èyí tí kò yí padà ni pé node ló borí, ìbẹ̀rẹ̀ axon tẹ̀ lé e, abẹ́ myelin ló gbẹ̀yìn.

Ọmọ Físíọ̀
Háà! Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. 110 jákèjádò yẹn… ṣé ìyẹn ni pé "káàkiri" tí mo kọ tọ̀nà lára nẹ́ẹ̀fù tí kò ní myelin?

Àgbà Olùkọ́
Ó tọ̀nà lára ìyẹn, bí o bá dárúkọ rẹ̀. O kò dárúkọ rẹ̀.

Bí o bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta lóru, ronú sí i. Ìrora kan á kọ́kọ́ ta ọ́ fíà, o ti gbé ẹsẹ̀ kúrò kí o tó pariwo. Lẹ́yìn náà ni òmíràn á wá rọra dé, tí á máa jó ọ, tí á máa ró kì-kì-kì. Èyí àkọ́kọ́ gba ara nẹ́ẹ̀fù tó ní myelin tín-ín-rín. Èkejì gba ara èyí tó wà ní ìhòòhò, tí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ṣí tẹ̀ léra wọn. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn: mítà ìdajì sí méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn nẹ́ẹ̀fù ńlá tí myelin wọn ki lè sáré tó 120 mítà.

Oníṣègùn Eyín
Iṣẹ́ mi ojoojúmọ́ lẹ ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Abẹ́rẹ́ tí mo ń gún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó yọ eyín, lidocaine, ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù ló ń dí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé inú ló ti ń dí i. Oògùn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, kó tó yíjú padà wá di ẹnu-ọ̀nà láti ẹ̀yìn. Ìgbà tí kò ní iná lára ló sì lè la awọ yẹn kọjá.

Ẹni tí eyín rẹ̀ ti gba ọyún á wá bá mi, á ní, "Dókítà, abẹ́rẹ́ yín ò ràn mí." Òótọ́ ló ń sọ. Ibi tí ọyún wà máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kíkan yẹn ń fi iná sára oògùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ á wá dúró síta, kò rí ọ̀nà wọlé. N kì í gún un sínú eéwo. Mo máa ń lọ sẹ́yìn níbi tí nẹ́ẹ̀fù ti ń bọ̀, tí ara ibẹ̀ ṣì dá, mo á gún un síbẹ̀. Lára nẹ́ẹ̀fù tó ní myelin, oògùn ní láti bo node bíi mẹ́ta tó tẹ̀ léra, torí iná lè fo ẹyọ kan tàbí méjì kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo aporó ọlọ́sẹ̀ méjì kí ẹ tó wá. Ẹ tètè máa bọ̀.

Ìyá Àdùnní
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. N kò mọ ìwé tí ẹ ń kà, wíwá kiri lórí Google ló gbé mi dé ibí. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ mi obìnrin nígbà tí gìrì kọ́kọ́ gbé e, ibà ló fà á. Ó lé ní ìdajì wákàtí kó tó dá. Àwọn ẹbí ní ká ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, mo ní ẹ kọ́kọ́ ti tèmi bọ̀ ọ́. Ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n fún un ní carbamazepine, oògùn wárápá, gìrì bá le sí i. Nígbà tí a dé London ni wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, wọ́n kọ SCN1A sí ìwé, wọ́n ní Dravet ni, irú wárápá kan tó le. Dókítà ní ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù rẹ̀ kò pé. Ohun tí kò yé mi ni èyí: bí iná bá pọ̀ jù nínú ọpọlọ ni gìrì fi ń gbé ènìyàn, tí ẹnu-ọ̀nà iná ọmọ tèmi wá dín, ṣé kò yẹ kí gìrì dín ni?

Nọ́ọ̀sì Peckham
Ìyá Àdùnní, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àìsùn lórí ọmọ. Ìbéèrè yín gan-an ni wọ́n ń bi àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ nípa ọpọlọ ọmọdé.

Ibi tí ẹnu-ọ̀nà náà wà ni ìdáhùn. Kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo ni. Èyí tí SCN1A ń ṣe ń jẹ́ Nav1.1, àwọn sẹ́ẹ̀lì adẹ́kun ló sì gbójú lé e jù lọ nínú ọpọlọ: àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ fún àwọn yòókù pé "ó tó, ẹ dákẹ́." Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní Dravet, ìdajì Nav1.1 ni kò ṣiṣẹ́. Adẹ́kun ni ohùn rẹ̀ wọ̀, aláriwo ṣì ní tirẹ̀ pé. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Carbamazepine wá dé, ó ń dí ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù, ó sì tún ń dí lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fún bíréèkì.

Phenytoin àti lamotrigine náà wà nínú àwọn tí wọ́n máa ń yẹra fún nínú àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ ní wárápá nílé, ẹ gbọ́ mi dáadáa: kì í ṣe gbogbo wárápá ni Dravet. Carbamazepine ń ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́, bí ẹ bá sì dá a dúró lójijì, gìrì tó máa tẹ̀ lé e lè pa ènìyàn. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ bi.

Ìyá Àdùnní
Bíréèkì. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé fáìlì kiri, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ báyìí fún mi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fi ọmọ tiyín sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù
Àṣẹ o. Ibi tí Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dé yẹn ni Ọmọ Físíọ̀ ti lè rí máàkì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí. Oríṣi mẹ́sàn-án ni, Nav1.1 títí dé Nav1.9. Yọ 1.4 tó jẹ́ ti ẹran ara àti 1.5 tó jẹ́ ti ọkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. 1.3 pọ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Nav1.2 ló kọ́kọ́ ń dé node nígbà tí nẹ́ẹ̀fù ṣì ń dàgbà, Nav1.6 á wá gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ axon ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì aláriwo nínú ọpọlọ, àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀: 1.2 sún mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, 1.6 wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Kò sí nínú ọpọlọ nìkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìrora wọlé, tí ara wọn kóra jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn ni 1.7, 1.8 àti 1.9 wà fún jù lọ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan kọ nípa ìdílé mẹ́ta ní Pakistan tí àwọn kan nínú wọn kò mọ ìrora rí láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ọmọkùnrin kan wà tó ń rìn lórí ẹyin iná, tó ń fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀ kí wọ́n lè fún un lówó lójú pópó. Jíìnì SCN9A tó ń ṣe Nav1.7 ni kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Ṣẹ́ ẹ rò pé ó gbádùn? Ọmọ náà kú kó tó pé ọdún mẹ́rìnlá. Orí òrùlé ló ti fò sílẹ̀. Àwọn yòókù ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, egungun wọn ń dá láì mọ̀. Ní January 2025 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí suzetrigine, oògùn ìrora tó jẹ́ pé Nav1.8 nìkan ló ń lé. Nítorí pé 1.8 fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ọpọlọ, kì í kunni lóorun bí àwọn ìbátan morphine.

Ọmọ Kétu
Ẹ má bínú pé mo já lù yín. Láti ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀fọn náà ní nẹ́ẹ̀fù o. Oògùn tí wọ́n fi ń rẹ àwọ̀n tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀, permethrin tàbí deltamethrin, ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù ẹ̀fọn ló ń mú. Kì í dí i ní tirẹ̀, ṣe ló ń kọ̀ kó tì. Iná kò wá dáwọ́ dúró, ẹ̀fọn á máa gbọ̀n rìrì títí á fi ṣubú. Àwọn ẹ̀fọn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo lára ẹnu-ọ̀nà yẹn, ní ipò 1014, leucine ti di phenylalanine. Oògùn kò rí ibi dì mú dáadáa mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń fi chlorfenapyr kún àwọn àwọ̀n tuntun kan, èyí tí kò bá nẹ́ẹ̀fù lò rárá. Agbègbè Covè níbí wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò.

Alábòójútó
Ẹ̀fọn ti wọ ọ̀rọ̀ físíọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró lójú ọ̀nà.

Àgbà Olùkọ́
Ojú ọ̀nà náà ló wà. Bí ẹnu-ọ̀nà yìí bá jọra délẹ̀délẹ̀ láàárín ẹ̀fọn àti ènìyàn, ṣé a lè máa sùn sábẹ́ oògùn tó ń pa ẹ̀fọn? Jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọmọ Físíọ̀
Mo ti kọ tèmi sà. Ẹ bá mi wò ó: "Ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù tí iná ń ṣí pọ̀ jù ní node of Ranvier, ó tún pọ̀ ní axon initial segment níbi tí ìròyìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n lára dendrite, ara sẹ́ẹ̀lì àti ìparí axon, ó ṣọ̀wọ́n jù lábẹ́ myelin. Lára nẹ́ẹ̀fù tí kò ní myelin, ó tò jákèjádò. ATP, epo tí sẹ́ẹ̀lì ń jó, ló ń fi ṣiṣẹ́. Ó tún wà níbi tí nẹ́ẹ̀fù ti pàdé ẹran ara, níbi tí acetylcholine, kẹ́míkà tí nẹ́ẹ̀fù ń tú jáde, ti ń ṣí i."

Àgbà Olùkọ́
Máàkì méje. Pa ATP rẹ́. Pọ́ńpù ló ń jẹ ATP, òun ló ń kó sódíọ̀mù padà síta. Ẹnu-ọ̀nà kò jẹ nǹkan kan, ó kàn ń ṣí ni, sódíọ̀mù á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Èkejì ni ti ẹran ara. Ohun tí acetylcholine ń ṣí lóòótọ́ ń jẹ́ kí sódíọ̀mù wọlé, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ni, iná kọ́ ló ń ṣí i. Nav1.4 wà nísàlẹ̀ àwọn kòtò tó wà níbi ìpàdé yẹn, ara ẹran ló sì wà, kò sí lára nẹ́ẹ̀fù. Tún un kọ.

Ọmọ Físíọ̀
Mo ti tún un kọ sà. Mo tún fi ṣọ́ọ̀kì yà á sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa: jẹnẹrétọ̀, rọ́bà, jẹnẹrétọ̀, rọ́bà, títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé wọlé nísinsìnyí, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ wá fa iná tuntun sí họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ni.

Oníná Àdúgbò
Bí wọ́n bá fẹ́ fà á, ẹ pè mí.